Kò Ṣẹ́kù: Oríkì Ajípín Apínmáyọ

Ìbà ni n ó kọ́kọ́ jú ná, kí n tó kí ẹni tí mo wá kí.
Mo júbà ohùn, arìnrìn-àjò tí kò lẹ́sẹ̀.
Mo júbà Alexander Graham Bell, tó gbàwé àṣẹ tẹlifóònù ní 1876, tó sọ wáyà di ọ̀nà ọ̀fun.
Mo júbà Harry Nyquist, ọmọ Sweden tó di ará Amẹ́ríkà. Òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1928 pé ìlọ́po méjì ìbú ọ̀nà ni iye ìlù tí ọ̀nà lè gbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.
Mo júbà Alec Reeves, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris ní 1937, tó ní kí wọ́n yé gbé ohùn lódindi, kí wọ́n máa wọ̀n ọ́ wẹ́wẹ́, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.
Mo júbà Charles Kao, ọmọ Shanghai tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sọ ní 1966 pé bí dígí bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ á gba inú okùn rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀bùn Nobel dé ọwọ́ rẹ̀ ní 2009.
Ìbà á ṣẹ.
Àwọn tó yẹ ní kíkí nìwọ̀nyẹn.
Ó wá ku ẹni tí kò yẹ, tó sì ti tún fìlà ṣe, tó ń retí.

Ajípín ò!
Ajípín, ọmọ Apínmáyọ.
Apínmáyọ, ọmọ Aròmábi.
Ọmọ agbé-ìkòkò-sórí-òṣùwọ̀n,
tó wọn ọbẹ̀ tòun tìkòkò, tó ní ọbẹ̀ àwọn pọ̀.
Ọmọ ẹni tó pín ẹran tán
kó tó rántí pé egungun wà ńbẹ̀.
Àtàǹpàkò ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ ń sùn;
ẹ̀rọ ìṣirò ń tàn, ojú olówó ẹ̀ ń ṣú.
O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá.
Kì í ṣe ènìyàn kan ṣoṣo ni mò ń pè bẹ́ẹ̀.
Fìlà ni mo rán. Ẹni tó bá lórí tó gbà á kó dé e.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, Ajípín: o mọ 64. Bí wọ́n bá jí ọ lóru, o ó kà á. Tẹlifóònù kì í gbé ohùn ènìyàn tán. Ìgbọ̀nrìrì tó wà láàárín 300 sí 3,400 ló ń mú, wọ́n wá fi àyè díẹ̀ yí i ká, ó di 4,000. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 8,000. Ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹ̀rọ ń tọ́ ohùn wò, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń fi ìka kan ọbẹ̀ tọ́ ọ wò. Ìtọ́wò kọ̀ọ̀kan di bíìtì 8. Bíìtì 8 lọ́nà 8,000, ó di 64,000. Ìpè kan nìyẹn.

O mọ ìyẹn, o mọ̀ ọ́n dáadáa.
Ibi tí ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìwọ parí ẹ̀kọ́ sí.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí o gbadé.

Nígbà náà, ní Èkó, bí wọ́n ṣe ń ra aṣọ ní yáàdì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ń ra ọ̀nà fáíbà ní STM-1. Okùn SAT-3 ti gba abẹ́ òkun gúnlẹ̀, fóònù alágbèéká ti dé, gbogbo ayé ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan wá, ó fẹ́ mọ iye ìpè tí STM-1 kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá ìpàdé kún. Míìtì-páì wà lórí tábìlì. Ajípín yọ fóònù, ó tẹ 155,520,000, iye bíìtì tí STM-1 ń gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó tẹ àmì pínpín, ó tẹ 64,000. Ó wo ojú gíláàsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"2,430," ló wí. "Kò ṣẹ́kù."

Ó dìde, ó kọ ọ́ sára pátákó funfun, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́. Oníbàárà pàtẹ́wọ́. Èmi tí mò ń so wáyà nínú ilé ẹ̀rọ nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ti yọ ti àwọn..."

Kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Ìwọ, wáyà ni wọ́n ní kó o máa so. Fi ìṣirò sílẹ̀ fún wa."

Kò ṣẹ́kù, kò ṣẹ́kù, Ajípín ní kò ṣẹ́kù!
Ó gba ọkọ̀ èrò méjìdínlógún,
ó ta ìjókòó awakọ̀,
ó ta ẹnu ilẹ̀kùn tí kọ̀ńdọ́ ń rọ̀ mọ́,
ó ta orí táyà àpòjù,
ó ní ọkọ̀ kún, kò ṣẹ́kù.
Wọ́n ní, "Ta ni yóò wà á?"
Ó ní ìyẹn ò sí nínú ìṣirò.

Ẹ jẹ́ á ti orí ọkọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀. E1 ni tiwa níbí, òun náà ni ti Yúróòpù. Ìjókòó 32 ló ní, nọ́ńbà wọn láti 0 dé 31. 32 lọ́nà 64,000, ó di 2,048,000. Ìjókòó 0 kì í gbérò. Òun ló ń lu agogo pé ibí ni orí ìlà wà, kí ẹ̀rọ apá kejì má baà fi ìjókòó kẹta pe ìkẹrin, kí ọ̀rọ̀ Àlàbí má baà bọ́ sétí Àlàkẹ́. Ìjókòó 16 náà kì í gbérò. Òun ni alárinà tó ń sọ ẹni tó gbé fóònù, ẹni tó gbé e kalẹ̀, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀. Ó ku 30.

Ajípín dé. Ó wo alágogo, ó wo alárinà, ó ní, "Ẹ̀yin méjì yìí, ẹ sún, èrò ń bọ̀."

Ìṣirò ẹ̀ ò sì dúró sílé. Ó gba ìwé ìrìnnà, ó dé Amẹ́ríkà. Agbègbè Chicago ni ilé-iṣẹ́ Bell ti bẹ̀rẹ̀ sí lo T1 ní 1962. Ìpè 24, bíìtì 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 192. Wọ́n fi bíìtì kan péré lé e, ó di 193, ìyẹn férémù kan, kí ọ̀kan yẹn máa fi orí rẹ̀ hàn. 193 lọ́nà 8,000 ni 1,544,000. Ajípín fi 64,000 pín in. Ẹ̀rọ dá a lóhùn: 24.125.

Ìpè mẹ́rìnlélógún àti ìdá kan nínú mẹ́jọ ìpè!
Ta ni yóò ra ìdá kan nínú mẹ́jọ?
Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá ẹ̀ ní "Ẹ kú àárọ̀, mà,"
"Ẹ" ló máa dé ọ̀dọ̀ màmá;
"kú àárọ̀" ṣì wà ní gáréèjì.
Ó yẹ kí díẹ̀ tó ṣẹ́kù yẹn ta á lólobó,
kó ní, "Ajípín, olùṣọ́ ni mí, n kì í ṣèrò."
Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbọn fóònù,
ó ní bátìrì ló ń kú lọ.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ò tilẹ̀ ní alárinà tó jókòó lọ́tọ̀ bíi tiwa. Nínú férémù mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n máa ń jí bíìtì ìkẹyìn ìpè kọ̀ọ̀kan kó lè bá wọn jíṣẹ́. Etí ò mọ̀; ohùn ò dá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n dátà mọ̀, bí oníṣirò owó ṣe ń mọ̀ tí kọ́bọ̀ kan bá dín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa bíìtì kẹjọ tì bó bá di ti dátà: 7 lọ́nà 8,000, ó di 56,000. Ajípín ta á ní 64,000. Ó ní àwọn tó ń jí bíìtì, kí wọ́n lọ bá ọlọ́pàá sọ ọ́.

Ó gun òkè sí i, ó bá DS3, 44,736,000. Ó pín in: 699, kò ṣẹ́kù. Ó bá STS-1, àkọ́bí ìmọ́lẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, 51,840,000. Ó pín in: 810, kò ṣẹ́kù. Inú ẹ̀ dùn, ó fi ẹsẹ̀ jó. Àwọn méjèèjì, ìpè 672 péré ni wọ́n ń gbé: T1 28, ìpè 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà méjì, iye bíìtì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìpè kan náà. Ẹlòmíràn á bi ara ẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Ajípín kì í bèèrè. Ìbéèrè máa ń ba "kò ṣẹ́kù" jẹ́.

Ajípín, ọ̀rẹ́ ìdajì òótọ́,
nọ́ńbà tó pín gére ló tàn ọ́ jẹ.
O rò pé ohun tó pín gére ló tọ́.
Bí wọ́n bá pín ilé olókùú gére,
tí wọ́n gbàgbé ọmọ tó wà lájò,
ṣé wọ́n pín in dáadáa?

Ẹ jẹ́ á padà sílé. Nígbà tí ètò àtijọ́ ṣì wà lóde, wọ́n ń di E1 mẹ́rin pọ̀ kí wọ́n tó gbé wọn gòkè. E1 mẹ́rin yẹ kó jẹ́ 8,192,000. 8,448,000 ni wọ́n bá níbẹ̀. Mẹ́rin irú ìyẹn yẹ kó jẹ́ 33,792,000, 34,368,000 ni. Mẹ́rin irú ìyẹn náà yẹ kó jẹ́ 137,472,000; 139,264,000 ni. Kí ló ń mú ẹrù sanra lójú ọ̀nà? Aago ni. Ilé mẹ́rin, aago mẹ́rin. Tìhín yá díẹ̀, tọ̀hún falẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dì wọ́n pọ̀ ní láti fi àyè sílẹ̀, kó sì fi bíìtì asán dí àyè ẹni tó bá falẹ̀, bí alájàpá ṣe ń fi ewé gbígbẹ dí àárín ìgò nínú apẹ̀rẹ̀ kí ìgò má baà fọ́.

Ajípín wọn apẹ̀rẹ̀.
Ó ta ewé gbígbẹ mọ́ ìgò.
Ó ní ìgò wa pọ̀ lọ́dún yìí.

Ìyà kan tún wà nínú ètò àtijọ́ yẹn. Bí E1 kan ṣoṣo bá fẹ́ sọ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ọkọ̀ 140 mílíọ̀nù bíìtì sí 34, kí wọ́n tú 34 sí 8, kí wọ́n tú 8 sí 2, kí wọ́n mú ẹni tó ń sọ̀, kí wọ́n sì tún gbogbo ẹrù yòókù dì padà. Bí ẹní ń tú ọkọ̀ àjàgbé palẹ̀ nítorí iṣu kan ni. Ní 1988, CCITT, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìlànà tẹlifóònù, fọwọ́ sí ètò tuntun, SDH, ọmọ ìyá SONET ti Amẹ́ríkà. Ètò tuntun ní ìtọ́ka: báìtì, ìyẹn bíìtì mẹ́jọ-mẹ́jọ, tó ń sọ pé, "Lágbájá jókòó síbí." Ẹ lè mú iṣu yẹn láìtú ọkọ̀.

Àmọ́ ìtọ́ka náà gba àyè. Ọkọ̀ 140 ti àtijọ́ ń gbé E1 64. Ọkọ̀ STM-1 ti SDH, tó tóbi jù ú lọ, ń gbé 63.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ajípín ṣe.
Ó fi 2,048,000 pín 155,520,000.
Ó rí 75 àti àjẹkù.
Ó ní òun kì í ṣe olójúkòkòrò,
ó yọ àjẹkù kúrò, ó ta 75.
Ẹ ṣàmì sí ọjọ́ yẹn:
ìgbà àkọ́kọ́ tí Ajípín yọ nǹkan láyé ẹ̀ nìyẹn,
ohun tí kò yẹ kó jẹ́ ìṣòro ló yọ.

Ọjọ́ tí wọ́n máa so ó pé. Nínú ilé ẹ̀rọ, ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn, iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ. Ihò ìsowáyà wà lára ògiri, nọ́ńbà wọn láti 1 dé 63. Èmi fúnra mi ni mo fi bírò pupa kọ wọ́n sára bébà, tí mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ oníbàárà ti fa wáyà 75 wá. 63 wọlé. 12 rọ̀ dirodiro lára ògiri bí ìrù ẹṣin.

Ajípín wọlé pẹ̀lú kóòtù. Ó fi ìka ka ihò láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó dákẹ́. Ó yíjú sí bàbá ọlọ́dẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ihò méjìlá dà?"

Bàbá ń gbọ̀n. "Mi ò mú nǹkan kan o, ọ̀gá mi. Ẹ tú àpò mi wò."

Ajípín tú àpò. Gúgúrú àti ẹ̀pà ló bá níbẹ̀.

Kò ṣẹ́kù, kò ṣẹ́kù!
Ajípín, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ihò wáyà,
ìwọ lo pàdánù ihò tí kò fìgbà kan wà,
ìwọ lo wá olè tí kò jí nǹkan.
Ká ní o lè tú àpò ìṣirò bẹ́ẹ̀,
ò bá ti rí méjìlá yẹn níbẹ̀,
ò bá sì ti fi bàbá onígúgúrú sílẹ̀.

Ó yá, ẹ jókòó, kí n ka ẹbí tí Ajípín ta ìjókòó wọn. Férémù STM-1 kan jẹ́ ìlà 9 àti òpó 270, báìtì 2,430 lápapọ̀. Ìgbà 8,000 ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà báìtì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ bíìtì 64,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bí ìjókòó ìpè kan gẹ́lẹ́. Ìjókòó 2,430 lóòótọ́ ni. Ajípín kò purọ́ ìjókòó. Ó kàn gbàgbé pé àwọn kan ti jókòó kó tó dé.

Òpó 9 àkọ́kọ́, báìtì 81, ará ilé ọkọ̀ ni wọ́n.
Mẹ́fà nínú wọn ń pariwo ṣáá, "Ibí ni orí férémù!"
Àwọn kan ń yẹ ẹrù wò bóyá ó bàjẹ́ lọ́nà.
Méjì jẹ́ fóònù tí àwa onímẹ́kááníìkì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ibùdó dé ibùdó.
Méjìlá ń gbé ọ̀rọ̀ àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà.
Ìtọ́ka wà láàárín wọn, àwọn tó ń sọ ibi tí ẹrù wà.
K1 àti K2, ọlọ́dẹ méjì tí kì í sùn, wà níbẹ̀.
Ajípín ta ìjókòó gbogbo wọn.

Òpó kan, báìtì 9, ń tẹ̀ lé ẹrù láti ilé dé ilé,
bí ìyàwó àgbà tó ń sin ìyàwó tuntun relé ọkọ.
Ajípín ta ìyàwó àgbà.

Òpó 8, báìtì 72, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kàn ń dí àyè,
kí ọ̀nà lè bára mu.
Ẹ jẹ́ ká gbà pé ọ̀lẹ ni wọ́n.
Ajípín ta àwọn náà.

E1 63 wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ìránṣẹ́ mẹ́rin wá:
ọ̀kan ń tọ́ka, ọ̀kan ń ṣọ́ ẹrù, méjì ń dí àyè nítorí aago.
Ìránṣẹ́ 252 nìyẹn. Ajípín tà wọ́n.

Nínú E1 kọ̀ọ̀kan, alágogo àti alárinà ṣì wà, ìjókòó 0 àti 16.
126 nìyẹn. Ajípín ti ní kí wọ́n sún láti àná.

Ẹ bá mi rò ó: 81, 9, 72, 252, 126.
540.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé ogójì ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀,
Ajípín tà wọ́n fún oníbàárà ní owó èrò.
E1 63 lọ́nà 30, ìpè 1,890 ló kù.

Nígbà tí ìpè pé 1,890, ẹni tó tẹ̀ lé e gbọ́ "píìpíìpíì". Oníbàárà pè. Ajípín gbé fóònù, ó ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ni." Kò purọ́, nẹ́tíwọ̀kì ni lóòótọ́. Nẹ́tíwọ̀kì tí òun tà ju bó ṣe rí lọ.

Ẹ má rò pé àwọn 540 yẹn ń jẹun ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin náà mọ Èkó: wọn kì í la ọ̀nà kan kí katakata má gé fáíbà. Bí katakata bá gé e, tí ọ̀nà kejì sì wà ní ìpamọ́, K1 àti K2 á ké sí ara wọn, ọ̀rọ̀ yín á yí gba ọ̀nà kejì, láàárín ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ò tíì sọ "hẹ̀lóò" tán. Ẹ ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti yí ọ̀nà padà. Ajípín náà ò mọ̀. Ó wà lórí tẹlifóònù lọ́jọ́ yẹn, ó ń sọ fún ẹlòmíràn pé àwọn báìtì wọ̀nyẹn, òfò ni wọ́n.

Ajípín, ajẹ-ẹ̀gúsí-ṣépo-lé,
afẹ̀yìn-kọ-ọlọ́dẹ-sùn-fọnfọn,
oorun tó o sùn yẹn, ta ló ṣọ́ ọ?

Ìdájọ́ ò tíì tán. Ajípín gbọ́ níbì kan pé kílò kan nínú kọ̀ǹpútà lè jẹ́ 1,024. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń sọ 64 kílò di 65,536. Nídìí ọ̀nà tẹlifóònù àti ìmọ́lẹ̀, kílò ò ju 1,000 lọ. Ó tún ta E1 fún oníbàárà kan, ó ní "méjì-méjì ni á máa wọlé." Oníbàárà rò pé mẹ́gábáìtì méjì ni. Mẹ́gábíìtì ni. Báìtì kan jẹ́ bíìtì 8. Gbogbo E1 náà ò lè gbé ju báìtì 256,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ká tó yọ ti alágogo pàápàá. Fọ́tò tó jẹ́ mẹ́gábáìtì méjì á gbà á ní bí ìṣẹ́jú àáyá 8. Oníbàárà jókòó, ó ń wo ìlà kékeré tó ń rìn bí ìgbín. Ajípín ní kó ní sùúrù, pé fáíbà ló ń gbóná.

Nígbà tí ojú tì í tán, ó yí padà. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìmọ́lẹ̀, STM-4, STM-16, STM-64. Níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni ìlọ́po mẹ́rin gan-an: 155.52 mẹ́gábíìtì di 622.08, ìyẹn di 2,488.32, ìyẹn náà di 9,953.28, kò sí ewé gbígbẹ tuntun láàárín wọn, nítorí aago kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́. Ibi tí a ti lè ṣe ìsọdipúpọ̀ láìbẹ̀rù nìyẹn. Ibẹ̀ ni Ajípín ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan. Ó ní òun ti kọ́gbọ́n.

Lẹ́yìn náà ló sọ 9,953.28 di 10,000. "Ẹ jẹ́ á má bá díẹ̀ jà," ló wí. Ó fẹ́ rọ Ethernet, ọ̀nà àwọn kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ 10,000 mẹ́gábíìtì gbáko sínú STM-64. Bí a bá yọ ará ilé ọkọ̀ kúrò, àyè tí STM-64 ní fún ẹrù jẹ́ 9,584.64. Ó ń ti ẹrù, ẹrù ò wọlé. Ó bọ́ kóòtù, ó tún tì í.

Ajípín ò, abiyamọ nọ́ńbà,
o bí 2,430, o bí 810, o bí 699,
wọ́n dára lójú, wọ́n pín gére,
kò sí ọ̀kan tó ń dá ọ lóhùn bí o bá pè é.
Òkú nọ́ńbà lo pọ̀n sẹ́yìn,
o ń fi aṣọ olówó gbọ̀jà.

Mo ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ n sòótọ́. Ajípín kò dá ara ẹ̀ sílẹ̀. Àwa la dá a. Àwa la pàtẹ́wọ́ nígbà tó kọ 2,430 sára pátákó. Ká ní ẹni tó dìde lọ́jọ́ náà sọ pé 1,890, à bá ti bi í pé kí ló dé tí tiẹ̀ kéré. Onínọ́ńbà ńlá là ń fún ní ìjókòó iwájú. Ẹni tó bá yọ ti ọlọ́dẹ àti ti alágogo kúrò, a ní kò ní ìgbàgbọ́. Wọ́n sì fi Ajípín jẹ ọ̀gá lẹ́yìn náà. Bàbá onígúgúrú ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ sì má sọ pé ayé E1 ti ń kógbá sílé, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ohùn ń gbà báyìí. Ajípín náà ti kó lọ síbẹ̀. Ìpè kan tó jẹ́ 64,000 láti ọjọ́ ọjọ́, bó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìfún un pọ̀, tí wọ́n ń dì í ní ìdì 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn inú ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 160, àpòòwé tó wọ̀ jẹ́ báìtì 40. Ó di 80,000, kí á tó fi ti Ethernet lé e. Ajípín ṣì ń fi 64,000 pín in. Àpòòwé ò sí nínú ìṣirò ẹ̀, bí awakọ̀ ò ṣe sí nínú ẹ̀ láyé àtijọ́.

Mo kí ọ tán, Ajípín.
Lọ sinmi, àtàǹpàkò rẹ ti ṣiṣẹ́.
N kò ní kí o má pín mọ́;
ọmọ tó bá pín lẹ́yìn tó yọ, ọmọ gidi ni.
Kọ́kọ́ bi ọkọ̀ léèrè ta ni ń wà á.
Gun àtẹ̀gùn ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìpè sínú E1, E1 sínú STM-1.
Ẹni tó bá fò láti ilẹ̀ dé òrùlé,
ilẹ̀ náà ló máa padà bá.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnikẹ́ni bá gbé iye ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀ níwájú yín, ẹ má pàtẹ́wọ́ ná. Ẹ bi í pé kí ló yọ kó tó pín. STM-1 kan, E1 63, ìpè 1,890. Bó bá ní 2,430 ni, tó sì ní kò ṣẹ́kù, ẹ fún un ní ìjókòó, ẹ bu omi fún un, kí ẹ wá fi sùúrù bi í pé àwọn 540 dà.